Odò Kì Í Kún Bo Ẹja Lójú: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Omíyalé, Ọ̀dá àti Àwọn Ẹ̀dá Inú Odò

Ẹ̀yin ọba alayé tó wà níjokòó, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń yan ẹja, ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ìdúró, ẹ̀yin tí ẹ ò ríbi jókòó. Ẹ sì kú ooru. Ooru yìí gan-an wà lára ohun tó kó wa jọ.

Àwọn àgbà ní odò kì í kún bo ẹja lójú. Ta ni kò mọ òwe yìí nínú wa? Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ibi tí a bí ẹ̀dá sí kò lè ṣòro fún un. Bí omi bá kún, ẹja á bá a kún. Bí omi bá fà, ẹja á bá a fà. Ìbéèrè tí mo gbé wá ni pé, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí lónìí?

Èsì tèmi rèé, kí n má fi yín sínú òkùnkùn. Ìkún omi kọ́ ló ń pa odò. Ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ló ń pa odò. Ohun tó ń pa ẹ̀dá inú odò ni pé àwọn méjèèjì ti kúrò lásìkò wọn, wọ́n sì ti le ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ibi tí ẹ̀dá ń sá sí lọ́jọ́ ìṣòro, àwa ti dí i pa. Gbogbo ohun tí mo máa sọ lónìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé.

Ẹ̀ẹ̀rùn ló se ọbẹ̀, òjò ló bù ú

Ẹ jẹ́ ká mú odò kan tí a mọ̀. Odò Ògùn ṣẹ̀ láti àwọn òkè tó wà nítòsí Ṣakí, ó rin nǹkan bíi kìlómítà 480 kó tó wọ ọ̀sà Èkó. Nínú rẹ̀ ni àrọ̀ wà, ẹpìyà wà, ọ̀bọ̀kún wà nísàlẹ̀ odò, edé, akàn, ìṣáwùrú àti àìmọye kòkòrò tí ń gbé abẹ́ òkúta.

Ẹ fojú inú wo àrọ̀ kan láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Inú ìbú ló wà. Ẹyin wà níkùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yé e. Kí ló ń dúró dè? Ó ń dúró de àkọ́rọ̀ òjò. Ó ń dúró de òru ọjọ́ tí omi á kúrò lójú odò, tí á gùn òkè, tí á bo koríko inú àkùrọ̀. Lóru ọjọ́ bẹ́ẹ̀, takọtabo á wọ inú omi tí kò ju orúnkún lọ, abo á da ẹyin sára koríko. Abo tó tó kìlógíráàmù kan lè kó ẹyin tó ju 50,000 lọ. Bí omi bá móoru tó ìwọ̀n 28 Celsius, ẹyin á ti pa ní nǹkan bí ọjọ́ kan. Tó bá fi máa tó ọjọ́ mẹ́ta sí i, oúnjẹ tí ọmọ ẹja gbé wáyé ti tán, ó ti ń wá kòkòrò omi tín-ín-tìn-ìn-tín jẹ.

Níbo ni kòkòrò yẹn ti ń pọ̀? Nínú àkùrọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rì sómi. Kí ló ń bọ́ àwọn kòkòrò náà? Ewé tó gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn, koríko tó kú ní ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbẹ́ màlúù tó gbẹ sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹ̀ẹ̀rùn ló se ọbẹ̀, òjò ló bù ú. Ẹni tó bá ń gbàdúrà pé kí odò má kún mọ́ láéláé, kí ó má sì fà mọ́ láéláé, ẹja ló ń gbàdúrà pé kó dín kù.

Ẹ lọ wo Odò Ọya. Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá Káínjì mọ ìkún omi oríṣi méjì. Ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní omi funfun, èyí tí òjò ìtòsí ń gbé wá láti oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá, amọ̀ ló kún inú rẹ̀. Èkejì ni omi dúdú. Ilẹ̀ Gíní lòun ti gbéra, ó kọjá àbàtà ńlá tó wà ní Málì, ó da ẹrẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀, ó wá dé Nàìjíríà ní mímọ́ nígbà tí òjò ti tán lójú ọ̀run, nínú ọyẹ́ gan-an. Odò kan náà, ìkún méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àsìkò tirẹ̀, ẹja sì mọ àwọn méjèèjì. Àsìkò yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Kànrìnkàn tó tóbi sí i

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí àsìkò? Mi ò ní pẹ́ níbí, nítorí ẹ ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Láàárín ọdún 2011 sí 2020, ayé móoru ju bó ṣe wà láàárín 1850 sí 1900 lọ ní nǹkan bí ìwọ̀n 1.1 Celsius. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n 1 gbóná sí i, omi tó lè gbé dúró á fi nǹkan bíi 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Ẹ wo afẹ́fẹ́ bíi kànrìnkàn. Kànrìnkàn tó tóbi sí i, nígbà tó bá ń fa omi lára ilẹ̀, á fa púpọ̀. Nígbà tó bá máa fún omi inú rẹ̀ dànù, á fún púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí rèé tí ọ̀dá àti omíyalé fi jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Àwọn tó ń bi wá pé, "Ṣé ayé ń gbẹ ni àbí ayé ń rì?", ìdáhùn wọn nìyẹn.

Ní 2022, omi gba Lọ́kọ́ja àti ìlú púpọ̀ lẹ́bàá Odò Ọya àti Bẹ́núé, ó ju 600 ènìyàn lọ tó kú ní Nàìjíríà, ó sì ju mílíọ̀nù 1 lọ tó fi ilé sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ World Weather Attribution, tí wọ́n ń wádìí ipa tí ooru ayé ń kó nínú òjò àti ọ̀dá, yẹ òjò àsìkò náà wò ní agbègbè Adágún Chad àti Odò Ọya. Wọ́n rí i pé ní agbègbè Adágún Chad, ayé tó móoru ti mú kí irú òjò àsìkò bẹ́ẹ̀ rọrùn láti wáyé ní ìlọ́po bíi 80.

Nígbà tí omi bo ẹja lójú ní tòótọ́

Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011. Ìlú Ìbàdàn. Nǹkan bíi mílímítà 187 òjò rọ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Kí ni mílímítà 187? Ẹ mú pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní 120. Omi tó dà lé pulọ́ọ̀tì kan yẹn tó lítà 125,000, ìyẹn ọkọ̀ tánkà méjìlá àti ààbọ̀ tó ń gbé lítà 10,000, pulọ́ọ̀tì kan péré o. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ igbó, ewé àti gbòǹgbò á gba tiwọn, ilẹ̀ á mu díẹ̀, ìyókù á rọra lọ. Bó bá jẹ́ kọnkéré àti páànù, gbogbo rẹ̀ ló máa sáré wọ gọ́tà, láti gọ́tà wọ odò. Ó lé ní 100 ènìyàn tó bá òjò yẹn lọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀ mọ́.

A ti sọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tó kú, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ta ló béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú omi?

Ohun àkọ́kọ́ ni agbára omi. Omi tó ń sáré bẹ́ẹ̀ máa ń yí òkúta abẹ́ odò po. Abẹ́ òkúta yẹn ni ọmọ kòkòrò omi ń gbé, òun ni oúnjẹ ẹja kéékèèké. Tí òkúta bá ti yí, ilé ti wó nìyẹn. Bí odò bá sinmi tó, tí ìbú àti odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ̀ ọ́ ṣì ní kòkòrò nínú, wọ́n á padà kún un láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òmíràn bá tún dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́? Bí èkẹta bá tún tẹ̀ lé e ńkọ́?

Ohun kejì ni ẹrẹ̀, òun ló sì burú jù lójú tèmi. Níbi tí a ti gé igi etí odò, tí a ti ro oko dé ẹnu omi, tàbí tí wọ́n ti ń wa kùsà, òjò ńlá á fọ ilẹ̀ náà lọ. Omi á pọ́n bí epo. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò ní wọlé, ewéko abẹ́ omi á kú. Amọ̀ á lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹja fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Á tún bo ẹyin tí ẹpìyà àti àrọ̀ yé, ẹyin tí amọ̀ bá sì bò kò lè mí. Ẹyin ń mí o, ẹ̀yin ará. Níbẹ̀ gan-an ni odò ti kún bo ẹja lójú. Ẹrẹ̀ náà kì í sì í kúrò. Á lọ jókòó sísàlẹ̀ ìbú, á jókòó sísàlẹ̀ adágún bíi Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn, tó ti wà láti 1942, á máa mú un gbẹ díẹ̀díẹ̀.

Ohun kẹta ni pé omi ń dé láìpẹ́, ó sì ń lọ láìpẹ́. Ọmọ àrọ̀ nílò ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nínú àkùrọ̀ kó tó lágbára láti bá omi padà sódò. Bí omi bá gòkè lónìí tó sì fà lọ́tunla, inú kòtò kéékèèké ni àwọn ọmọ ẹja á há sí. Ẹ ti rí bí lékèélékèé ṣe ń pé jọ síbi omi tó fà? Òkú ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n ń jẹ yẹn. Dáàmù náà lè ṣe irú èyí. Dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, ló ń gba omi odò Ọ̀yán dúró kó tó wọ Odò Ògùn. Lásìkò tó bá kún, wọ́n gbọ́dọ̀ tú omi sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáàmù á wó. A ti rí ohun tí wíwó jẹ́ ní Maidúgùrì ní oṣù Kẹsàn-án 2024, nígbà tí dáàmù Àláù já. Nítorí náà, mi ò ní kí wọ́n má tú omi. Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, kí wọ́n tú u díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, kí wọ́n sì tì í díẹ̀díẹ̀ náà.

Àwọn tó kọ́lé sínú àkùrọ̀ ní Ìṣẹ́rí, ní Kara àti ní Akútẹ̀ máa ń pariwo nígbà tí omi yẹn bá dé, ó sì ń dùn wọ́n lóòótọ́. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Àmọ́ àkùrọ̀ tí wọ́n fi yanrìn dí láti kọ́lé, yàrá ìkúnlẹ̀ ẹja ni. Òun náà ni ibi tí omi ì bá dúró sí kó má bàa wọ palọ̀ ènìyàn. Ilẹ̀ kan ṣoṣo, iṣẹ́ méjì, a sì pa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀dá: ìjàkadì nítorí èémí

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ọ̀dá. Ọ̀pọ̀ rò pé ibi tí omi bá ti gbẹ tán ni ẹja ti ń kú. Rárá. Ó ti ń kú kí omi tó gbẹ.

Ẹja ń mí ọ́síjìn tó wà nínú omi. Omi tútù ló ń gba ọ́síjìn púpọ̀. Ní ìwọ̀n 20 Celsius, lítà omi kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9. Ní ìwọ̀n 30, ó dín díẹ̀ sí 8. Ní ìwọ̀n 35, ó ku 7. Bẹ́ẹ̀, bí omi ṣe ń gbóná ni ara ẹja ń gbóná, tó sì ń fẹ́ mí sí i. Owó ń dín kù, gbèsè ń pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹja fẹ́ mílígíráàmù 5 kí ara tó tù wọ́n. Bó bá ti já wálẹ̀ ju 3 lọ, ìnira ti dé.

Ìgbà wo ló burú jù lójúmọ́? Ìdájí, kí oòrùn tó yọ. Lọ́sàn-án, ohun aláwọ̀ ewé inú omi ń mú ọ́síjìn jáde. Lóru, àwọn náà ń mí, wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá dé etí ìbú láago márùn-ún ìdájí nínú oṣù Kẹta, tí ẹ rí ẹja tó yọ ẹnu sókè omi, tó ń lanu tó ń pa á dé, kò wá oúnjẹ o. Èémí ló ń wá.

Àrọ̀ lè yọ orí mí afẹ́fẹ́ òkè, ó ní ẹ̀yà ara fún un. Ó tún lè wà nínú ẹrẹ̀ tútù fún ìgbà díẹ̀. Ẹpìyà gbójú, ó lè fara da díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn gbangba omi tó ń ṣàn, tí wọ́n nílò ọ́síjìn púpọ̀, àwọn ló ń kọ́kọ́ lọ. Adágún Chad jẹ́rìí sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 25,000 níbùú lóròó. Ọ̀dá 1972 sí 1973 dé, adágún náà pín sí méjì, apá àríwá gbẹ ní 1975. Ọ̀dá mìíràn tún dé ní 1983 sí 1984, ohun tó kù kò tó 2,000. Ẹja kò tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n irú ẹja yí padà. Àwọn ẹja gbangba omi dín kù gidigidi, àrọ̀ àti ẹpìyà, àwọn ẹja àbàtà, ló gba ilé. Ìkìlọ̀ ni fún wa. Ọjà lè kún fún ẹja síbẹ̀, kó jẹ́ pé irú mẹ́wàá ti lọ kí a tó fura.

Dáàmù ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní sọ pé dáàmù á gbà wá lọ́wọ́ ọ̀dá? Adágún Ọ̀yán fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 40 níbùú lóròó. Ká ní oòrùn àti ọyẹ́ fa mílímítà 5 péré lójú rẹ̀ lójúmọ́. Ìṣirò rẹ̀ jẹ́ lítà mílíọ̀nù 200, tánkà 20,000, lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá tún wo bèbè adágún tó fà, ẹ máa rí ìgbín omi kéékèèké tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Ìgbín yìí fẹ́ràn omi tó dúró, ó lè sá wọ inú ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá fà kó sì wà láàyè títí òjò á fi padà. Nítorí náà, kí ọmọdé má máa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ lọ́sàn-án, àsìkò tí kòkòrò náà ń jáde lára ìgbín jù.

Nísàlẹ̀ odò, iyọ̀ ló ń dé. Lásìkò òjò, omi Ògùn ń ti omi òkun sẹ́yìn nínú ọ̀sà. Lẹ́ẹ̀rùn, òkun á padà wọlé. Èyí náà ní àǹfààní tirẹ̀. Ewéko olódòdó àlùkò tó ń dí ojú omi wa, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní odò Badagry ní 1984, iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa á lọ́dọọdún nínú ọ̀sà. Òwe ní ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, àmọ́ àlejò yìí ti fẹ́ lékè àwọn méjèèjì. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá gùn jù, iyọ̀ á gòkè odò ju ààlà rẹ̀ lọ, á bá àwọn ẹ̀dá omi dídùn tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ọ̀dá tí omíyalé tẹ̀ lé

Èyí tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn ọ̀dá gígùn, ewé ti kún ojú odò gbígbẹ, eérú ti kún oko, ìdọ̀tí oṣù mẹ́rin ti kún gọ́tà. Òjò ńlá àkọ́kọ́ á gbá gbogbo rẹ̀ sínú ìbú kékeré tí ẹja tó kù ti fún pọ̀ mọ́ra wọn. Ohun tó ń jẹrà á gba ọ́síjìn tó kù. Láàárín òru kan, ẹja á léfòó. Àwọn ènìyàn á ní ẹnì kan ló da májèlé sómi. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àkọ́rọ̀ òjò ni. Ẹ ṣe ìyàtọ̀ báyìí: bí omi bá dúdú tó ń rùn, tí àrọ̀ ṣì yè ṣùgbọ́n àwọn ìyókù kú, àìtó ọ́síjìn ló ṣeé ṣe jù. Bí edé àti akàn bá kú pẹ̀lú àrọ̀, tí omi sì mọ́, ẹ fura sí oògùn. Ẹ má jẹ èyíkéyìí nínú wọn.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

A kò lè dín ooru ayé kù láti etí odò yìí nìkan. Ibi ìsásí ni a lè dá padà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lára ìbú. Kí abúlé kọ̀ọ̀kan yan ìbú kan tàbí méjì tí kì í gbẹ, kí ẹnikẹ́ni má ju àwọ̀n síbẹ̀ láti oṣù Kìíní títí omi á fi gun àkùrọ̀. Àwọn baba wa mọ èyí. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, a kì í pẹja. Ẹ̀sìn yòówù kí ẹ máa ṣe, ìlànà náà bá ìmọ̀ mu: ẹja tó bá la ẹ̀ẹ̀rùn já níbẹ̀ ló máa kún gbogbo odò lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ sì jọ̀wọ́, Gammalin, oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń dà sínú ìbú tó ti fà, ọmọ ẹja, edé, kòkòrò, gbogbo wọn ló ń pa lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń bá ẹja náà dé inú ìkòkò ọbẹ̀.

Níti àwọ̀n, ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ tó íńṣì 3, kí ọmọ ẹja lè já gba ibẹ̀. Ẹ má fi ìgèrè dí gbogbo ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà wọ àkùrọ̀. Ẹ dí ìdajì, ẹ fi ìdajì sílẹ̀.

Etí odò, ẹ fi igi sílẹ̀ ní mítà 30 sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Níbi tí kò bá sí mọ́, ọparun àti koríko ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn, wọ́n yára mú ilẹ̀ dúró. Igi tó ń ṣíji bo omi lọ́wọ́ oòrùn á tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja, bí ẹja bá ń yọ ẹnu ní ìdájí, ẹ má fún un lóúnjẹ lọ́jọ́ náà, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi rẹ̀. Ẹ má fa omi odò sínú adágún yín ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí òjò ńlá bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bèbè adágún ga ju ibi tí omi dé rí lọ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 2, ẹ na àwọ̀n lé e. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ kó ẹja tó ti tóbi kí oṣù Kẹsàn-án tó dé. Ẹja àdàlù, ìyẹn ọmọ irú ẹja méjì tí a pa pọ̀, tó bá bọ́ sódò lè ba irú-ọmọ àrọ̀ ilẹ̀ wa jẹ́.

Èyí tó kù, ẹ̀yin ọ̀dọ́, tiyín ni. Ẹ ri òpó kan mọ́lẹ̀ nínú odò, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí i ní sẹ̀ǹtímítà 10, 10. Ẹ gé páànù róbótó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ kùn ún ní ìdá mẹ́rin, dúdú, funfun, dúdú, funfun, ẹ so irin mọ́ abẹ́ rẹ̀, ẹ fi okùn tó ní àmì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sómi. Ibi tí ẹ kò ti rí i mọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, òun ló máa fi bí ẹrẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú omi hàn. Ẹ fi tẹmómítà wọn omi láago mẹ́fà àárọ̀ àti láago méjì ọ̀sán. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ojú kan náà, ìwé kan náà. Kí ẹnì kan máa tọ́jú ìwé náà, kí ẹlòmíràn sì ní ẹ̀dà rẹ̀. Lọ́dún mẹ́ta, nígbà tí àwọn aláṣẹ dáàmù bá bi yín pé ọjọ́ wo ni omi gun àkùrọ̀, ọjọ́ wo ló fà, ẹ máa ní èsì tí wọn kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Mo rí i pé àwọn apẹja tó wá láti ìsàlẹ̀ odò ti nawọ́ sókè tipẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé maikirofóònù fún wọn.